Ohun Tí Ìwé Bọ́ílà Ń Sọ

Bí wọ́n bá fi ìwé ìròyìn àtijọ́ di ọṣẹ fún Ìyá Akọ̀wé, ọṣẹ á dúró ná. Yóò na ìwé náà sórí itan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, yóò sì kà á títí débi tí wọ́n ti fà á ya. Kì í ṣe kíkà lásán o. Ohun tí ìwé kò sọ ló máa ń wá kiri níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ẹ sọ́nà, ó kọ lẹ́tà sí i pé ọjọ́ mẹ́ta rèé tí òun kò fi oúnjẹ kan ẹnu nítorí ìfẹ́. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà dá lẹ́tà padà. Ó ti fi pẹ́ńsùlù yípo àbàwọ́n epo kan ní igun ìsàlẹ̀, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ẹni tó lè mú òun báyìí ni òun máa fẹ́. Ó fẹ́ ẹ lóòótọ́. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọkùnrin náà sì kú nígbà tí ọmọ wà ní kíláàsì kẹrin.

Orí ọmọ yẹn ni ìtàn yìí dá lé. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo fẹ́ rò fún un.

Ilé iṣẹ́ kan náà ni ìyá àti ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀ ńlá tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ilẹ̀, ni bọ́ílà wà, irin kan tó ga tó sì sanra débi pé ògiri ni wọ́n wó kí wọ́n tó lè gbé e wọlé. Ó ń se omi di ooru, ooru náà ń gba inú páìpù gòkè lọ bá àwọn obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń lọ aṣọ. Orí bọ́ílà gan-an ni yàrá ìlọṣọ wà. Bí èèyàn bá bọ́ bàtà níbẹ̀, á mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Ọmọ Ìyá Akọ̀wé ni olórí yàrá náà. Obìnrin ni, ṣùgbọ́n Fóòmáànù ni gbogbo wọn ń pè é, bí kò bá sì nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bó bá gbé ọwọ́ sókè, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n á pa ẹnu mọ́, títí kan àwọn tó tó bí i lọ́mọ. Ìyá rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ náà, ó sì máa ń fi yangàn nígbà tí kò bá sí ẹni tó bi í.

Ìwé méjì ló wà fún bọ́ílà. Èyí tí wọ́n ń pè ní ìwé ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ Bàbá Bọ́ílà, arúgbó tó ti ń tọ́jú ẹ̀rọ náà láti ọdún méjìdínlógún. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti aago méje àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́dọ̀ wọlé lọ wo mítà tó ń wọn agbára ooru inú rẹ̀, kó kọ iye tí abẹ́rẹ́ dúró lé. Kó tún wo gíláàsì tóóró tó ń fi omi inú bọ́ílà hàn, kó kọ ìyẹn náà. Ìlà mọ́kànlá lójúmọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, àyè kékeré kan wà fún àkíyèsí. Ìwé ìsàlẹ̀ máa ń dọ̀tí, ó máa ń ní ìka gíríìsì lára. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, Ìyá Akọ̀wé á da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé òkè, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú, á sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ìwé òkè yìí ni wọ́n ń fi han àwọn olùyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é, ẹnì kan kò sì bi í rí bóyá òun fúnra rẹ̀ ti wo mítà náà lójú lẹ́ẹ̀kan.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ìwé ìsàlẹ̀ ti kún, Ìyá Akọ̀wé sì ti fún Bàbá Bọ́ílà ní tuntun. Ó jókòó ti èyí tó kún, ó ń kọ ti Ọjọ́rú. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Méjìdínlọ́gọ́ta. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Bíìrò rẹ̀ dúró. Kò tíì mọ ohun tó dá a dúró, ó kàn mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò dáa lójú. Adìẹ ti bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò sì rọ adìẹ.

Ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi rí i. Láti ọjọ́ tó ti mọ Bàbá Bọ́ílà, ohun tí bàbá náà ń kọ kò ju ọgọ́ta, ọgọ́ta, márùndínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta, márùndínláàádọ́rin. Ojú mítà ló fà á: márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fa ìlà sí i, ojú àgbà kì í sì í wá ohun tó wà láàárín ìlà méjì. Àfi láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá arúgbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí mọ́kànlélọ́gọ́ta àti méjìdínlọ́gọ́ta láìwọ awò. Gbogbo aláàńgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n ó dá Ìyá Akọ̀wé lójú pé òun ti rí aláàńgbá tirẹ̀.

Ó mú àpòòwé kan tí wọ́n ti lò, ó fa ìlà gbọọrọ sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ *Mo rí* sí apá kan, ó kọ *Mo rò* sí ìkejì. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí nǹkan bá rú u lójú, nítorí ó ní ohun tó ń pa àwọn òǹkàwé ni pé wọ́n máa ń da méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò kan. Lábẹ́ *Mo rí* ó kọ pé láti ọjọ́ kẹsàn-án, kò sí nọ́ńbà kankan tó bọ́ sórí ìlà mítà. Ó kọ pé kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra wọn, bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, ọgọ́ta lè tò ní mẹ́rin. Ó tún rántí ọjọ́ tí páìpù omi àdúgbò bẹ́. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pa bọ́ílà lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa lọ sílé. Ó wá ọjọ́ náà kàn. Ìlà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ ní pípé. Ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí bọ́ílà ti tutù tí kò sì sẹ́nì kankan nínú ilé iṣẹ́, ìwé ní abẹ́rẹ́ wà lórí méjìlélọ́gọ́ta.

Lábẹ́ *Mo rò* ó kọ pé: ẹnì kankan kò wọ yàrá yẹn mọ́.

Ó kù díẹ̀ kó pa ìwé dé ni ojú rẹ̀ bọ́ sí àyè àkíyèsí ní ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ tó ṣáájú kí nọ́ńbà tó yí padà. Bàbá Bọ́ílà ti kọ nǹkan síbẹ̀ ní aago mẹ́ta, ẹnì kan sì ti fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ìyá Akọ̀wé gbé ojú ewé náà sókè sí fèrèsé, ó sì kà á lábẹ́ ìlà náà: *Ó ń kùn.* Ìlà náà gún gbọọrọ, rúlà ni wọ́n fi fà á. Bẹ́ẹ̀ Bàbá Bọ́ílà kò lè fa ìlà tó gún bó ti wù kó rí, àtàǹpàkò ló fi ń wọn nǹkan.

Ó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sábẹ́ *Mo rò*: ẹ̀rù ń ba Bàbá. Nígbà náà ló gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin láti yàrá ìlọṣọ, ó sì gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń bá wọn wí pé kí wọ́n ká etí aṣọ pọ̀ dáadáa. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ó fi wọ́n lé igi àga, bí ẹni pé ìyẹn lè gbà á.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bàbá Bọ́ílà kò sí nínú yàrá. Orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn ló jókòó sí, lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, ilẹ̀kùn irin sì wà ní títì lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tuntun wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Akọ̀wé. Kí lẹ wá ń wá ní ibí báyìí? Eruku á ba aṣọ yín jẹ́ o."

"Mo ní kí n wá kí yín ni. Ìgbà wo lẹ ti ń jókòó síta?"

"Inú ibẹ̀ ń gbóná."

"Ó ti ń gbóná láti ọdún méjìdínlógún, Bàbá."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ bí igi ìdáná, ìka kan sì ti gé lára wọn láti ìgbà èwe. "Ọdún méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán ní ìrọ̀rùn."

"Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ pé ó ń kùn. Ta ló fi rúlà fà á?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ kò ní rúlà?"

Bàbá tẹjú mọ́ ìwé orí itan rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ìyá Akọ̀wé fúnra rẹ̀ wá gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin, ìró kan tó rẹlẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni tí àìsàn ń ṣe tó ń kérora lójú oorun. Bàbá Bọ́ílà mọ̀ pé ó ti gbọ́. Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀.

"Bẹ́ ẹ bá nífẹ̀ẹ́ mi," ó ní, "ẹ má bi mí mọ́."

Ohun tó yẹ kí obìnrin tó gbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣe ni kó tọ́jú ìwé náà sábẹ́ ibùsùn, kó gba ọ̀dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò ìjọba lọ tààrà. Àmọ́ ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ, Ìyá Akọ̀wé sì ti di ara ilé iṣẹ́ débi pé kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti gbé ọ̀rọ̀ kọjá ọ̀gá. Ó gbé ìwé ìsàlẹ̀ àti àpòòwé rẹ̀, ó lọ bá mánéjà.

Mánéjà jẹ́ ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀wà hù, kì í pè é ní ohun mìíràn ju Màmá lọ. Ó fún un ní àga. Ó fetí sílẹ̀ látòkè délẹ̀, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ rárá. Nígbà tí Ìyá Akọ̀wé fi ọjọ́ tí páìpù omi bẹ́ hàn án, ó mi orí, ó tún mi í.

"Màmá," ó ní, "lọ́yà ló yẹ kẹ́ ẹ jẹ́. Ta ló tún mọ̀ sí èyí?"

"Kò sí, Ọ̀gá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ wá bá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, kí n jókòó kà á dáadáa. Ọ̀rọ̀ ńlá ni."

Ó fi ìwé sílẹ̀. Ó fi àpòòwé náà sí i. Inú rẹ̀ dùn bó ti ń dìde, kí n má parọ́, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín bẹ́ẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà láti dágbére, ó sì rí mánéjà tó mú rúlà funfun kan láti orí tábìlì, tó fi í sáàárín ojú ewé ọjọ́ kẹjọ kó má baà ṣìnà, tó sì pa ìwé dé. Orí tábìlì ni rúlà náà wà láti ìgbà tó ti wọlé. Ó ti rí i. Òun tó ń ka àbàwọ́n epo lára lẹ́tà kò ka ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ béèrè ìwé náà.

"Ìwé wo, Màmá?" mánéjà ní, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà dára. "Ìwé òkè ṣì wà lọ́wọ́ yín, àbí? Ìyẹn ni ìwé wa. Àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ìyẹn la máa fi hàn wọ́n. Ọwọ́ yín dáa nínú rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi ìborùn di ìwé òkè, ó gbé e lọ sílé. Yàrá méjì ni òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé. Fóòmáànù jókòó sórí àpótí, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù bó ṣe máa ń ṣe bó bá dé láti ibi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kó nu ẹsẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó rò fún un láti orí mọ́kànlélọ́gọ́ta dé orí rúlà. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán.

"Ìwé ìsàlẹ̀ náà dà, Màámi?"

"Ó ti wà lọ́wọ́ wọn."

"Àpòòwé yín ńkọ́?"

"Òun náà."

"Ta ló tún rí i yàtọ̀ sí yín?"

"Bàbá Bọ́ílà mọ̀. Kò ní sọ."

Fóòmáànù na ọwọ́, ó gba ìwé òkè, ó ṣí i sórí itan rẹ̀ tó tutù. Ó kà á sókè. "'Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Omi dé ojú àmì. Méjìdínlọ́gọ́ta. Omi dé ojú àmì.' Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ta ló fọwọ́ sí i nísàlẹ̀?"

"Èmi ni. Ohun tí wọ́n fún mi ni mo dà kọ, ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀, Màámi. Èmi nìkan ló mọ̀. Ẹlòmíì tó bá gbé ìwé yìí, kí lẹ rò pé ó máa rí níbẹ̀? Ó máa rí i pé bọ́ílà dáa, ẹ̀yin lẹ sì sọ bẹ́ẹ̀." Ó pa á dé, kò fi ìbínú ṣe é. "Obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ní kí wọ́n jókòó sílé lọ́la nítorí pé ìyá mi rò nǹkan kan, kó tó di ọ̀sán, wọn á ti kó ẹlòmíì wá sípò gbogbo wa. Àwọn tuntun yẹn ló sì máa dúró lórí bọ́ílà yín. Ẹ mú nǹkan kan wá fún mi. Ohun kan péré tí mo lè fi ojú mi rí, mo ṣe tán."

"Ìwọ nìkan, má lọ lọ́la. Sọ pé ara rẹ ò yá."

"Kí n fi àwọn yòókù síbẹ̀?"

Ohun tí Ìyá Akọ̀wé fẹ́ gan-an nìyẹn, kó fi àwọn yòókù síbẹ̀, ojú sì ń tì í pé ó fẹ́ ẹ. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Fóòmáànù nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dìde, ó di ìyá rẹ̀ mú léjìká díẹ̀, ó sì lọ gbé oúnjẹ kaná.

Kó tó di aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Akọ̀wé ti wà níbi iṣẹ́. Ó ti pinnu pé òun máa wọ yàrá náà fúnra òun, òun máa wo mítà náà lójú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣáájú. Láràárọ̀, òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó wá sí yàrá ìlọṣọ. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí pẹ̀lú ìwé pélébé, kì í sì í ṣàmì síwájú orúkọ kankan àfi bó bá rí ojú onítọ̀hún. Bó bá parí, á fi ìwé náà kọ́ sórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó lè wà níbẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò lè dúró kí èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kí i, kó máa dá wọn lóhùn. Gbogbo wọn náà ló kúkú máa ń wá. Ó tẹ ìwé sórí ògiri, ó ṣàmì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti òkè délẹ̀, ó fi í kọ́ ìṣó, ó sì lọ dúró de Bàbá Bọ́ílà lórí àtẹ̀gùn.

Bàbá náà tan iná bọ́ílà, ó jáde kíákíá bí ẹni tí ajá ń lé, ó sì bá obìnrin náà níwájú. Kò bá a jiyàn. Ó lè jẹ́ pé ó ti ń retí ẹni tó máa wá láti ọjọ́ kẹsàn-án. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń dúró kí ooru gòkè, títí aago mẹ́jọ fi kọjá, tí ìró yẹn fi bẹ̀rẹ̀, tó sì ga ju ti ọjọ́ Mọ́ńdè lọ.

"Láti ọjọ́ yẹn, kí n tan iná ni mo ń ṣe, kí n sì sá jáde," Bàbá ní. "Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n máa kọ ohun tó dáa."

Ìyá Akọ̀wé dìde, ó gbá ilẹ̀kùn irin mú, ó sì ṣí i. Ooru ibẹ̀ gbá a lójú. Kò pẹ́ kó tó rí mítà, ojú rẹ̀ tóbi bí àwo. Ọgọ́ta wà lápá òsì, ìlà pupa wà lórí àádọ́rùn-ún. Abẹ́rẹ́ ti kọjá ìlà pupa, ó dúró lórí márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ó ń gbọ̀n. Ó wo gíláàsì omi. Kò sí omi níbẹ̀. Ipa rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ nìkan ló kù, níbi tí omi ti dé kẹ́yìn, ó sì ti gbẹ.

"Ẹ pa á, Bàbá."

Bàbá pa iná. Ṣùgbọ́n ooru tó ti wà nínú irin kì í gbọ́ pé wọ́n ti pa iná, ìró náà kò sì dínkù. Obìnrin náà gun àtẹ̀gùn lọ sókè pẹ̀lú ọdún méjìdínlọ́gọ́ta rẹ̀, ó já sínú yàrá ìlọṣọ láàárín èéfín àti aṣọ funfun, ó sì lọ dúró níwájú ọmọ rẹ̀.

"Mo ti rí i," ó ní. "Márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Gíláàsì omi ti gbẹ."

Fóòmáànù wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ṣí ilẹ̀kùn irin ti bó láti ìdí ìka dé ọrùn ọwọ́, Ìyá Akọ̀wé fúnra rẹ̀ kò sì tíì mọ̀. Ọmọ náà kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo yàrá dákẹ́.

"Ẹ jáde sí àgbàlá. Ẹ má mú nǹkan kan. Ẹ má sáré, ẹ má sì dúró."

Wọ́n jáde. Ìyá Akọ̀wé gba ọ̀nà kejì lọ sẹ́yìn láti lé àwọn afọṣọ jáde, nítorí Fóòmáànù ló ní kó lọ. Ó ṣe é dáadáa, kò ku ẹnì kan. Ó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ sí àgbàlá nígbà tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì pàdé rẹ̀.

"Ìyá Akọ̀wé, níbo lẹ wà látàárọ̀? Mo wá yín títí nídìí tábìlì yín. Ọkọ Alábẹ́rẹ́ wá síbí kó tó di aago méje. Ó ní kí n bá òun sọ fún yín pé ìyàwó òun ò lè wá lónìí, ibà dá a dùbúlẹ̀."

Alábẹ́rẹ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà, ni obìnrin tó ń rán aṣọ tó bá ya. Òun nìkan ló ń jókòó sí yàrá inú, lẹ́yìn yàrá ìlọṣọ, níbi tí ẹnì kankan kì í rí i láàárọ̀ àfi bó bá jáde wá. Ìyá Akọ̀wé wo àgbàlá. Àwọn obìnrin dúró sí apá ibi ògiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò rí ọmọ rẹ̀ láàárín wọn.

"Fóòmáànù dà?"

"Ó pe orúkọ wa," ọ̀kan nínú wọn ní, ìwé pélébé náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbogbo wa pé, ó ku Alábẹ́rẹ́. A ní a ò rí i lónìí. Ó ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àmì wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ó ní, 'Ọwọ́ ìyá mi nìyí. Ìyá mi kì í ṣàmì sí ẹni tí kò bá rí.' Ó ti padà wọlé lọ mú un wá."

Ìyá Akọ̀wé sáré. Ó ń pe ọmọ náà ní orúkọ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, orúkọ tí kò sẹ́ni tó fi ń pè é mọ́ ní ibi iṣẹ́. Ó ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yàrá ìlọṣọ nígbà tí bọ́ílà bẹ́, tí ilẹ̀ sì gbé e sókè. Fóòmáànù kò jáde mọ́.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn náà. Mánéjà ní ẹjọ́ tirẹ̀, wọ́n sì dá a, mi ò ní fi ẹnu mi sí i. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá Bàbá Bọ́ílà lẹ́nu wò, ó sunkún níwájú wọn, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wọ́n wá pe Ìyá Akọ̀wé. Aṣọ funfun tí wọ́n fi di egbò ṣì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n kú. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó jókòó sáàárín fa ìwé pélébé kan jáde, ó sì tì í síwájú rẹ̀.

"Màmá, ta ló ṣàmì sí ìwé yìí?"

"Èmi ni."

Ọkùnrin náà fi ìka sí orúkọ Alábẹ́rẹ́. "Ẹ rí obìnrin yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Rárá," ó ní. "Mi ò rí i."